Faransé Inú Odi àti Ìyá Tí Ìwé Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbàgbé

Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe orúkọ ni àgbà kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ ìlú ni òun, agboolé rẹ̀ ni wọ́n máa ń bèèrè, nítorí pé orúkọ lè jọra, ìrìn àjò sì lè ti yí i padà, ṣùgbọ́n agboolé, ìyẹn ilé àwọn ọmọ baba kan náà tí wọ́n ń gbé pọ̀ lábẹ́ baálé kan, ni ó ń fi ẹni náà hàn. Bí agboolé bá ti yé àgbà, oríkì orílẹ̀ á tẹ̀lé e. Oríkì orílẹ̀ ni ewì àbáláyé tí ó ń sọ ìlú tí ìran kan ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, èèwọ̀ wọn, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbàgbé. Ọ̀nà yìí lágbára púpọ̀. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká láàárín ọdún 1830 sí 1839, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, tí àwọn ará ìlú mìíràn tí ogun fọ́ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé kankan kò sí lápò ẹnikẹ́ni nínú wọn, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n ti Ìkòyí wọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò yé jẹ́ ọmọ Oníkòyí, wọ́n sì ń fi oríkì náà kí ọmọ wọn títí di òní.

Ọ̀nà yìí kan náà á dojú kọ ohun tí kò bá pàdé rí bí baba ńlá tí ìdílé kan ń tọpa rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó Faransé, ẹni tí kò ní oríkì, tí kò ní agboolé, tí ó gba ojú òkun wọlé, tí ó sì tún gba ojú òkun lọ. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà ní etí òkun tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan tí ìtàn rẹ̀ sì yẹ kí ọmọ Ọ̀yọ́ mọ̀ dáadáa wà ní Ouidah, nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti òní. Àwọn ọmọ ìlú náà fúnra wọn ń pe Ouidah ní Glehue, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé oko ní èdè wọn. Àwọn Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, wọ́n ní Grégoy, wọ́n sì fi orúkọ ẹni mímọ́ kan àti orúkọ ìlú náà so pọ̀ láti sọ odi tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lórúkọ, wọ́n pè é ní Saint-Louis de Grégoy. Odi tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í ṣe irú èyí tí ó yí ìlú Yorùbá ká láti dènà ogun, ilé ńlá tí wọ́n mọ ògiri yí ká ni, tí wọ́n to ìbọn àgbá sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ọjà àti ènìyàn pamọ́ sí. Ó jìnnà sí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ní ìlú kan náà, Potogí náà ní tirẹ̀, ọkọ̀ọ̀kan sì ní àdúgbò tí ó yí i ká. Ahouandjigo ni orúkọ àdúgbò odi Faransé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́ ẹrú odi, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ òwò Faransé ní, tí wọ́n ń ru ẹrù, tí wọ́n ń tún ògiri ṣe, tí wọ́n sì ń tukọ̀.

Ọba Dàhómì ṣẹ́gun Ouidah ní 1727, lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó inú odi sì wá bọ́ sábẹ́ ojú olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Yovogan, nítorí pé yovó ni òyìnbó ní èdè ibẹ̀, gan sì ni olórí. Ẹni tí ó bá ń fọkàn yàwòrán odi wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ibùjókòó àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú kò rí i bí ó ti rí, nítorí pé ọba ni ó fún wọn láyè, ọba sì lè lé olùdarí odi lọ bí inú bá bí i. Kíkọ èyí sílẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń tọpa ìdílé, nítorí pé ó ń sọ irú ìgbéyàwó tí ó lè wáyé níbẹ̀. Òyìnbó tí ó fẹ́ jẹun, tí ó fẹ́ gbọ́ èdè, tí ó fẹ́ mọ ohun tí ààfin ń rò, kò lè dá nìkan gbé. Obìnrin ìlú ni ó ń so ó mọ́ ìlú.

Joseph Olivier de Montaguère ni olùdarí odi Faransé náà láti 1775 sí 1786. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ra ẹrú fún àwọn ọkọ̀ òkun Faransé, láti bá ààfin sọ̀rọ̀, àti láti kọ lẹ́tà sí ìjọba nílẹ̀ rẹ̀ nípa iye owó ọjà àti ìròyìn ogun. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà àwọn olùdarí odi yìí ṣì wà nínú àwọn ilé àkójọ ìwé ìjọba Faransé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́ kí òjò àti ikán má baà bà á jẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ka Faransé sì lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn lónìí. Ní Ouidah, obìnrin kan tí ìwé pè ní Sophie bímọ fún Olivier. Nígbà tí ọkùnrin náà padà sí Faransé ní 1786, obìnrin náà kò bá a lọ. Kpengla, ọba Dàhómì, fi í ṣe ìyàwó. Nígbà tí Kpengla kú ní 1789, Agonglo tí ó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ gbà á, nípa irú àṣà tí Yorùbá ń pè ní opó ṣíṣú, ìyẹn kí arólé gba aya olóògbé. Ní 1797, nígbà tí àwọn àlùfáà Potogí wá sí Abomey, olú ìlú Dàhómì, láti sọ ọba di Kristẹni, Sophie wà láàárín àwọn ayaba, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì pa Agonglo láàfin. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó bá olùdarí odi gbé, tí ó bá ọba méjì gbé, tí ó sì rí ìṣubú ọ̀kan nínú wọn, orúkọ Faransé kan ṣoṣo ni ìwé sì fi ń pè é.

Ọmọkùnrin rẹ̀, Nicolas, dúró sí Ouidah. Òun ni wọ́n kà sí ẹni tí ó tẹ àdúgbò Ganvè dó nínú ìlú náà. Orúkọ Olivier kò dúró bẹ́ẹ̀. Odi Faransé di àpatì ní 1797, lẹ́yìn tí ìjọba Faransé ti fòpin sí oko ẹrú ní 1794, tí ogun sì ti wà láàárín wọn àti Gẹ̀ẹ́sì lórí òkun, òwò Ouidah sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí àti àwọn ará Bùràsíìlì. Ní ìlú tí èdè Potogí ti di èdè òwò àti èdè iyì, Olivier di d'Oliveira. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tọpa ìdílé ti máa ń ṣìnà, nítorí pé d'Oliveira dún bí orúkọ Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ẹrú àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá, irú àwọn tí ọmọ Èkó mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá wá baba ńlá yìí lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì nítorí ìró orúkọ rẹ̀ yóò wá a títí kò ní rí i, nígbà tí baba náà wà nínú lẹ́tà olùdarí odi Faransé. Yorùbá tí ó bá ti rí bí Adéṣínà ṣe di Adéchina, bí Ṣábẹ ṣe di Savè, bí Ṣàngó ṣe di Chango nínú ìwé Faransé mọ̀ pé orúkọ inú ìwé lè jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́ ju ti ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀yọ́ ju pé kí ó jẹ́ ìtàn ìlú ẹlòmíràn lọ. Ní gbogbo ọdún tí Olivier fi wà nínú odi, Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin lọ́dọọdún, bí wọ́n ti ń ṣe láti 1730, kò sì tán títí Gezo, ọba Dàhómì, fi kọ̀ ọ́ ní nǹkan bí 1823. Aláàfin Abíọ́dún ni ó wà lórí oyè, ẹni tí ó gba ìjọba lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà ní nǹkan bí 1774, tí ó sì la ọ̀nà òwò láti Ọ̀yọ́ Ilé gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Àwọn Faransé wà nínú àwọn tí ó ń ra ènìyàn púpọ̀ jù ní Àjàṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀yọ́ ló ń kó wọn wá, ogun àti ọjà ni wọ́n sì ti ń rí wọn. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ kan bá ń ka ìtàn ìdílé Faransé ti Ouidah, kò yẹ kí ó kà á bí ẹni tí ó dúró lójú fèrèsé, nítorí pé ọ̀nà tí ó mú Olivier wá sí Ouidah àti ọ̀nà tí Abíọ́dún là sí òkun, ọjà kan náà ni wọ́n já sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rà lọ sí ni Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, níbi tí àwọn Faransé tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ti ń gbin ìrèké àti kọfí. Kò sí ilẹ̀ ìṣàkóso Faransé mìíràn tí ó mú ọrọ̀ wá tó o ní àkókò yẹn. Nágò ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n mú láti ẹnu àwọn ará Dàhómì. Nígbà tí olóko kan bá kú tàbí tí ó bá ta oko rẹ̀, akọ̀wé òfin á ṣe àkọsílẹ̀ ohun ìní rẹ̀, á to ẹrú sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fún wọn, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú wò, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ti wá, àti iye owó tí wọ́n tó. Ìwé yìí ni ó máa ń mú inú àwọn ọmọ Faransé dùn nígbà tí wọ́n bá ń wá baba ńlá wọn, nítorí pé ó fi orúkọ baba ńlá, ilẹ̀ rẹ̀ àti ọrọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé kan náà ni ọ̀rọ̀ Nágò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan tí kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú iye owó lórí rẹ̀. Fún ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlà kékeré yẹn ni ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìwé náà. Ẹni tí ó ń jẹ́ Nágò yẹn ní agboolé. Ó ní oríkì, ẹnìkan sì ti fi kí i rí láàárọ̀.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa oríkì pẹ̀lú, nítorí pé òun náà ní ohun tí ó ń bò. Ní agboolé Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń jẹ́ ọmọ ilé ni ẹ̀jẹ̀ baba kan náà wà lára rẹ̀. Ẹrú tí ó pẹ́ nínú ilé bímọ, ọmọ rẹ̀ sì di ọmọ ilé. Ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó gẹ́gẹ́ bí èlé lórí gbèsè tí òun tàbí ará rẹ̀ jẹ, lè fẹ́ ìyàwó síbẹ̀ kí ó má padà mọ́. Àlejò tí ogun lé wá sá di baálé, ó sì gba oríkì ilé tí ó gbà á. Àgbà mọ̀ ọ́n, wọn kì í sọ ọ́ níta, nítorí pé sísọ ọ́ lè tú ilé ká. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ìrẹ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó mú kí òpìtàn kan náà tí ó ń bá Faransé wí pé kò kọ orúkọ ìyá náà ní láti bi ilé tirẹ̀ léèrè orúkọ àwọn tí wọ́n rà wá sínú rẹ̀. Àárín ìwé tí ó sọ iye owó ènìyàn láìsọ orúkọ rẹ̀ gan-an àti ilé tí ó sọ ẹni náà di ọmọ tí ó sì gbàgbé ibi tí ó ti wá, ti ilé ṣàánú ènìyàn jù. Ìwọ̀n ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré.

Ọ̀nà tí Faransé ń gbà pa ìdílé mọ́ sínú ìwé ti pẹ́. Òfin Villers-Cotterêts ti 1539 ni ó pàṣẹ kí àwọn àlùfáà máa kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bá rì bọmi sílẹ̀. Ní 1792 ni wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìjọ, tí ọ́fíìsì ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1776, ọba Faransé ti pàṣẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú ọba láti gbogbo ilẹ̀ ìṣàkóso rẹ̀ lókèèrè. Ìwé púpọ̀ nínú èyí wà ní Aix-en-Provence báyìí, nínú ilé àkójọ ìwé àwọn ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣeé kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n Ouidah kò sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ọba Dàhómì ni ó ni ín, ọmọ tí òṣìṣẹ́ odi bí síbẹ̀ kò sì wọ inú ìwé bí ọmọ tí wọ́n bí ní Saint-Domingue ṣe wọ̀ ọ́. Ohun tí ó kù ni lẹ́tà òwò, èyí tí kò bìkítà fún ọmọ.

Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì láàárín 1892 sí 1894, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ẹni tí ó darí ogun náà, Alfred-Amédée Dodds, nítorí pé ọmọ ìdílé aláwọ̀ méjì ni, ìlú Saint-Louis ní Senegal ni wọ́n ti bí i ní 1842, nínú ìlú tí àwọn ọkùnrin òyìnbó ti ń bá obìnrin ìlú kọ́lé láti ìgbà pípẹ́. Ìjọba amúnisìn tí ó tẹ̀lé e kún fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n bímọ tí wọ́n sì lọ láìkọ orúkọ ọmọ náà mọ́ tiwọn. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Faransé fi ṣe àṣẹ kan ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1930, pé ọmọ tí òfin kò mọ baba rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lè bèèrè pé kí wọ́n kà á sí ọmọ Faransé bí ó bá lè fi hàn pé Faransé ni baba náà. Ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ ń wò ni orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, irú ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, àti ipò tí ó wà láwùjọ. Àṣẹ yìí fi ìnira sórí ọmọ. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wá fi hàn pé òun ní baba, ìyá tí ó tọ́ ọ tí ó sì mọ òtítọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan nínú ètò náà.

Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní ìwé nínú àkójọ Faransé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òwò ni tiwọn gbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń gbéra lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, sí Tamale àti àwọn ọjà àríwá ibẹ̀, sí Togo, sí Niger àti sí Ivory Coast, àwọn Onítẹ̀bọmi láàárín wọn sì ń dá ìjọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ta ọjà dé. Ní 1969, nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún padà wá sílé pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ Faransé bímọ tí ìwé ìbí wọn jẹ́ Faransé, tí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá kọ orúkọ baba wọn bí ó ti dún létí rẹ̀. Ní agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọmọ irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lè wá di ẹni tí ń wá baba ńlá rẹ̀ nínú àkójọ ìwé kan náà tí ọmọ Faransé ń wá tirẹ̀, kí ó sì bá orúkọ ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kò lè dá mọ̀. Ohun tí yóò gbà á ni kí ó ka ìwé náà sókè, kí ó jẹ́ kí àgbà gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí pé etí ni ó kọ ọ́, etí sì ni yóò tú u.

Ẹni tí ó bá fi ojú Ọ̀yọ́ wo ìdílé Ganvè yóò rí i pé àwọn ará Ouidah pẹ̀lú kò gbára lé ìwé. Wọ́n ní akọ̀, ìyẹn ìran, wọ́n sì ní ewì ìyìn tí wọ́n fi ń kí ìran kọ̀ọ̀kan, tí ó sún mọ́ oríkì orílẹ̀. Wọ́n ní asẹ́n, ọ̀pá irin tí wọ́n fi orí rẹ̀ ṣe bí àwo, tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún òkú kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè máa bọ ọ́. Ìdílé tí baba ńlá rẹ̀ ti òkè òkun wá kò ní ìran tí ó ń tẹ̀lé baba lọ sẹ́yìn, nítorí náà ọ̀nà tí ó kù fún un láti wọ inú ìtàn ìlú ni ti ìyá. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì, nítorí pé ìyàwó tí ó ń lọ sílé ọkọ á sun ẹkún ìyàwó, ìyẹn ewì ìdágbére tí ó fi ń ki baba rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, obìnrin ilé náà ni ó sì máa ń mọ oríkì ọkọ àti ti ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kò fi lè bá a dọ́gba. Bí ọmọ bá ń sunkún, oríkì ìhà ìyá sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí yóò tọpa Olivier lè bẹ̀rẹ̀ láti Faransé, kí ó ka lẹ́tà rẹ̀, kí ó mọ ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ, iṣẹ́ náà kò sì ní pẹ́ púpọ̀. Wọ́n wó odi náà ní 1908, ògiri tí ó gbé inú rẹ̀ kò sí mọ́. Ganvè ṣì wà. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí ó ṣòro jù ń dúró dè é, èyí tí àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ èyíkéyìí yóò kọ́kọ́ bi í kí ó tó ṣí ìwé kankan: obìnrin tí wọ́n pè ní Sophie yìí, ọmọ ilé ta ni, kí sì ni ìyá rẹ̀ fi ń kí i?